Ilé ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró: ṣé dandan ni ìwé àṣẹ?

Ìbéèrè: "Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì, ìlú Oǹdó ni mò ń gbé. Mo ra ilẹ̀ éékà mẹ́rin lọ́wọ́ ẹbí kan lẹ́yìn Bọ́lọ́rundúró, lọ́nà Àkúrẹ́. Ilé ẹran ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀, fún ẹlẹ́dẹ̀ 40 àti màlúù 8. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà, ẹ̀bá rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́lé sí kí omi lè rọ̀ wá lọ́rùn. Ilé bíi méje wà nítòsí. Àbúrò mi ní abúlé ni, pé ta ló ń gba pláànù fún ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ẹlòmíràn ní C of O ni kí n kọ́kọ́ gbà. Kápẹ́ńtà mi ti ra pákó, ó ń dúró dè mí. Èwo ni kí n ṣe?"

Ẹ kú àìsinmi, mà. Àbúrò yín kò purọ́ tán, ẹni tó sọ̀rọ̀ C of O náà kò sì purọ́ tán, àmọ́ bí ẹ bá tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn láì gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀, owó ìfẹ̀yìntì yín á wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ètò ìlú ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, ó ti lé lógún ọdún. Mo ti fojú rí ilé ẹran tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sí lára, tí ẹlẹ́dẹ̀ ṣì ń bímọ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ nílò ìwé àṣẹ, ẹ sì gbà á kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà kọ́ ló le jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Ibi tí ẹ fẹ́ gbé ilé náà sí ló le jù, màá sì dúró pẹ́ lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ "abúlé ni" yìí, mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń fi tẹ̀ lé e. Òfin ètò ìlú tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1992 kò ya abúlé sọ́tọ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀, tàbí tó fẹ́ yí ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe padà, kó wá gba àṣẹ. Lọ́dún 2003, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ láàárín ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni agbára lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Fún ìdí èyí, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àṣẹ tiyín ti ń wá, kì í ṣe Àbújá. Ohun tí àbúrò yín rí, tó fi ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ni pé àwọn ará abúlé ń so ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ igi àgbọn àti ilé oníkọnkéré tó gba 40 kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yá owó ní báńkì, tàbí tí ọ̀nà tuntun bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ náà kọjá tí wọ́n ń ka ohun tí wọn yóò san owó gbà-má-bínú lé lórí, ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Ti màlúù tún ní tiẹ̀. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 tí gómìnà ìgbà náà, Rótìmí Akérédolú, ti fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ẹran jẹko kiri léèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù gbọ́dọ̀ sin ín sójú kan. Ilé màlúù yín kì í wá ṣe afẹ́ mọ́. Òun ni òfin ń béèrè. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà tí ẹ ó kọ ránṣẹ́ sí wọn. Ó máa ń dùn mọ́ àwọn tó ń ka ìwé ní ọ́fíìsì pé ẹnì kan wá sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó lé e bá.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé: ọ́fíìsì wo? Oǹdó lẹ̀ ń gbé, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó ló ni Bọ́lọ́rundúró, ibẹ̀ gan-an sì ni olú ìlú rẹ̀. Ọ́fíìsì ètò ìlú tó ń bójú tó ibi tí ilẹ̀ wà ni ìwé ń lọ, kì í ṣe ti ibi tí onílẹ̀ ń sùn. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi oṣù méjì jókòó sí ọ́fíìsì tí kì í ṣe tirẹ̀, tó ń ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ẹni tí kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ó yá, C of O. Ìwé ilẹ̀ ni C of O. Ó ń sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀tọ́ láti wà lórí ilẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ń sọ ohun tí ẹ lè kọ́ sórí rẹ̀. Ẹ lè ní ọ̀kan kí ẹ má ní èkejì. Lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro, fún iṣẹ́ àgbẹ̀ tó tó 500 hẹ́kítà àti fún ibi tí ẹran ń jẹko tó tó 5,000. Éékà mẹ́rin yín kò tó hẹ́kítà méjì. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé láìsí C of O tí gómìnà fọwọ́ sí, ẹ ò lè kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tí ọ́fíìsì fẹ́ rí ni ìwé ìrajà tó dúró ṣinṣin àti sọ́fè tí sọfíyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ṣe, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì ti wọ ọ́fíìsì àwọn sọfíyọ̀ ìjọba l'Ákùúrẹ́. Ẹ wo ìwé ìrajà yín dáadáa. Ṣé olórí ẹbí fọwọ́ sí i? Ṣé àwọn àgbà ẹbí láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka ẹbí kọ̀ọ̀kan, fọwọ́ sí i? Bí olórí ẹbí bá dá nìkan tà á, àwọn yòókù lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá sì tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú òfin.

Bí kòkó bá wà lórí ilẹ̀ náà, ẹ béèrè ta ló gbìn ín. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹni tó ni kòkó àti ẹni tó ni ilẹ̀ lè jẹ́ ènìyàn méjì. Àgbẹ̀ tó ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí náà láti ogójì ọdún kò ní dúró máa wò yín níran kí ẹ fi katakátá wó igi rẹ̀. Ẹ sì ní kí sọfíyọ̀ yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilẹ̀ náà kò wọ inú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní igbó ọba púpọ̀, ti Àkúrẹ́ sí Òfosù, ti Ìdànrè, ti Olúwa, àwọn mìíràn náà sì wà, àwọn àgbẹ̀ sì ti wọ inú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè mọ ààlà mọ́. Ilẹ̀ igbó ọba kò ṣeé tà, bó ti wù kí ẹni tó tà á fún yín bú sẹ́kún tó.   

Ẹ jẹ́ ká wá sórí odò.

Ẹ má kọ́ ọ sẹ́bàá odò, mà. Mo mọ̀ pé omi ló fà yín síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ bá mi ṣírò. Ẹlẹ́dẹ̀ tó wọn 60 kílò máa ń yọ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ bíi 4 kílò lóòjọ́. Màlúù tó wọn 300 kílò a máa yọ tó 20. Ẹlẹ́dẹ̀ 40 yóò mú 160 kílò wá, màlúù 8 yóò mú 160 mìíràn wá. 320 kílò nìyẹn lójoojúmọ́, láì tíì ka omi tí ẹ ó fi fọ ilẹ̀. Bí ọdún bá yí po, ó ti lé ní tọ́ọ̀nù 116, tó bíi tírélà mẹ́rin tó kún dẹ́nu. Níbo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Bí ilé ẹran bá wà lẹ́bàá odò, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ: sínú garawa ẹni tó ń pọnmi nísàlẹ̀ odò. Òjò tiwa sì kì í ṣe òjò eré. Láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá, ohunkóhun tí ẹ bá kó jọ sí ìta láìbò, ó ti di ti odò.

Ní gbogbo ìwé tí mo ti bá àwọn oníbàárà tì, mi ò rí ohun tó ń dá ìwé ilé ẹran padà tó omi. Ẹni tó bá wá yẹ ilẹ̀ wò láti ọ́fíìsì, tó bá rí odò lórí ilẹ̀ tí kò sì rí lórí pláànù ibi tí ìgbẹ́ ń gbà, á fi bírò kọ ìbéèrè sí i, ìwé á sì padà wá sílé. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ilé ẹran fi 50 mítà jìnnà sí odò, kí ó sì jìnnà sí kànga èyíkéyìí, yálà tiyín tàbí ti aládùúgbò, ní 30 mítà ó kéré tán. Ẹ gbẹ́ kànga tàbí ìhò ìfami tiyín sókè ilé ẹran, kó má ṣe sí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìgbẹ́ náà ńkọ́? Ẹ fi ṣọ́bìrì kó èyí tó le kí ẹ tó bu omi sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá fi ṣọ́bìrì kó, ajílẹ̀ ni; ohun tí ẹ bá fi omi fọ̀, wàhálà ni. Ẹ ṣe ibi ìkó-ìgbẹ́-sí tó ní ilẹ̀ kọnkéré, tó ní páànù lórí, tó sì ní ògiri kúkúrú ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta. Kí ìtọ̀ àti omi ìfọ̀ gba gọ́tà tó bo orí lọ sínú kòtò oníkọnkéré tí wọ́n rẹ́ nínú dáadáa, tó lè gba ti oṣù kan, kó tó di pé ẹ fà á jáde lọ sí oko. Bírìkìlà yóò sọ fún yín pé sókàwéè lásán tó o. Kò tó. Sókàwéè ń mu omi sínú ilẹ̀, ilẹ̀ yín sì dà gẹ̀rẹ́ sí odò. Ohun tó mu lónìí, odò á pọ̀ ọ́ lọ́la. Ní ti ajílẹ̀, ẹ má bẹ̀rù pé kò ní rí ibi lọ. Àwọn olóko ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbègbè yín yóò wá gbé e bí ẹ bá jẹ́ kó jẹrà díẹ̀, ẹ sì lè kọ ọ́ sínú ìwé yín pé oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ fẹ́ lò ó fún. Gbólóhùn kan péré ni, àmọ́ ó máa ń ti ìlẹ̀kùn ìbéèrè púpọ̀.

Ó wá ku òórùn. Níbí ni mo ti fẹ́ sọ ti ara mi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo bá ọkùnrin kan yan ibi tí yóò kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ sí, ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ. Orí òkè la gbé e sí, lókè abúlé, nítorí atẹ́gùn ibẹ̀ ń fẹ́ yẹ́yẹ́, mo sì rò pé òórùn yóò bá atẹ́gùn lọ. Wọ́n fọwọ́ sí i fún wa. Ní oṣù Kẹfà, mo padà lọ wo ilé náà nírọ̀lẹ́. Ìyá àgbàlagbà kan rí mi, ó wọlé, ó gbé abọ́ ẹ̀bà rẹ̀ jáde, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lórí rẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ jókòó síbí kí ẹ jẹ ẹ́, kí n rí i." Mo bu òkèlè kan, mi ò lè gbé e mì. Kí ọdún náà tó parí, ọkùnrin yẹn ti ta ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tán ní ẹ̀dínwó, ilé tí a kọ́ sì di ibi tí ewúrẹ́ ń sá òjò sí.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé atẹ́gùn ọ̀sán nìkan ni mo wò. Lálẹ́ àti ní ìdájí, atẹ́gùn máa ń dúró. Afẹ́fẹ́ tó ti tutù lórí òkè á wá máa rọra ṣàn sísàlẹ̀ bí omi, á sì gbé gbogbo ohun tó wà nínú ilé ẹran lọ́wọ́. Abúlé sì wà nísàlẹ̀. Àkókò yẹn gan-an sì ni àwọn ènìyàn wà nílé, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń sùn.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni atẹ́gùn ìgbà òjò. Láti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá sí ọ̀dọ̀ wa, láti ìhà òkun, ó sì ń lọ sí àríwá àti ìlà-oòrùn. Ìgbà òjò ni òórùn ẹlẹ́dẹ̀ burú jù. Bí ilé méje yẹn bá wà ní ìhà gúúsù tàbí ìwọ̀-oòrùn sí ilé ẹran, atẹ́gùn yóò máa gbé òórùn lọ kúrò lọ́dọ̀ wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ọyẹ́ máa ń yí i padà, lóòótọ́, nítorí láti àríwá ni tirẹ̀ ti ń fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ ohun gbogbo ti gbẹ, ó sì rọrùn díẹ̀. Èkejì ni ibi tí ilẹ̀ dà sí. Kí àwọn ilé méje náà má ṣe wà nísàlẹ̀ ilé ẹran tààrà. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ igun mẹ́rin dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ bíi 127 mítà, láti igun kan dé èyí tó kọjú sí i yóò sì súnmọ́ 180. Àyè wà láti fi gé e bó ṣe yẹ, bí ẹ kò bá kánjú.

Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní aago mẹ́fà ìdájí àti aago méje alẹ́, ẹ dáná sí ìmọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ níbi tí ẹ fẹ́ kọ́lé sí, ẹ fi ewé tútù bò ó kí èéfín lè pọ̀, kí ẹ sì wo ibi tó ń wọ́ lọ. Bó bá wọ ojú fèrèsé ẹnikẹ́ni, òórùn náà yóò gba ọ̀nà yẹn. Ẹ mú baálẹ̀ lọ́wọ́ lọ wò ó, kí ẹ sì ké sí ẹnì kan nínú àwọn ilé méje yẹn. Kì í ṣe pé ẹ ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ọ́fíìsì ló ń fúnni láṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yín wo èéfín ní ìdájí kò ní kọ lẹ́tà ẹ̀sùn lẹ́yìn yín. Bí ẹ bá sì lè gba ìwé kékeré lọ́wọ́ wọn pé àwọn mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ fi mọ́ tiyín.

Bí ẹ bá ti mọ ibi, yíyàwòrán kò le mọ́. Ẹ má fi ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù sí abẹ́ òrùlé kan. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jẹun yàtọ̀, ìgbẹ́ wọn yàtọ̀, àrùn wọn náà yàtọ̀. Fún ẹlẹ́dẹ̀ 40, pẹ̀lú àyè fún àwọn abiyamọ àti akọ, ilé tó fẹ̀ ní mítà 9 tó sì gùn ní mítà 15 yóò gbà wọ́n. Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ ju 9 tàbí 10 lọ, nítorí bó bá ti fẹ̀ jù, atẹ́gùn kì í la àárín kọjá mọ́. Màlúù kan fẹ́ àyè bíi mítà 2 níbùú àti mítà 2 lóòró lábẹ́ òrùlé, yàtọ̀ sí ibi tó ti ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí ilé náà gùn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà bá ẹran nílé. Ẹ mọ ògiri ẹ̀gbẹ́ dé mítà kan lé díẹ̀, kí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ìpẹ̀kun ilé tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ mọ ọ́n títí dé òkè. Òjò oníjì wa, ìyẹn tó máa ń ṣú dùdù tó sì ń já páànù, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Ẹni tó bá ṣí ìhà yẹn sílẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ilẹ̀ kọnkéré dà gẹ̀rẹ́ sí gọ́tà, sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí bírìkìlà fi irin dán an bíi ti pálọ̀, màlúù á yọ̀ ṣubú.

Mo dárúkọ pálọ̀, ó rán mi létí. Mo ti rí pláànù ilé ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n kọ "pálọ̀" sí ojú yàrá tí ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́ máa bímọ sí, nítorí ilé gbígbé ni ayàwòrán náà ti kọ́kọ́ fi ṣe, ó kàn yí orúkọ ẹni tó ni ín padà. Ẹ bá a jókòó. Ẹ sọ iye ẹran fún un, kó fi ibi ìkó-ìgbẹ́-sí, kòtò omi ìfọ̀, kànga, odò, àwọn ilé méje náà, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ oúnjẹ ẹran yóò gbà wọlé kó sì yí padà hàn lórí ìwé. Kó fi ọgbà hàn pẹ̀lú, àti yàrá kékeré kan tó dá dúró fún ẹran tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Láti ọdún 1997 tí ibà ẹlẹ́dẹ̀ (African swine fever) ti tàn ká orílẹ̀-èdè yìí, kò lọ tán. Kò sí abẹ́rẹ́ tí ẹ lè gbára lé fún un, ọgbà àti yàrá yẹn ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá fi wọ́n sínú pláànù báyìí, ẹ ò ní padà wá san owó àfikún.

Ìwé tí ẹ ó kó lọ kò pọ̀: fọ́ọ̀mù wọn, sọ́fè, ìwé ìrajà, rìsíìtì owó orí, àti ẹ̀dà pláànù mélòó kan tí òǹtẹ̀ ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀, wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìròyìn nípa ilẹ̀ náà àti àyíká rẹ̀, elétò ìlú tó wà lábẹ́ TOPREC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn elétò ìlú sílẹ̀, ló ń kọ ìyẹn. Ẹnì kan lè wá dẹ́rù bà yín pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí àyíká ńlá ti ìjọba àpapọ̀. Nínú òfin ọdún 1992 lórí ìyẹn, 500 hẹ́kítà ni wọ́n fi dandan lé fún oko ńlá. Ẹ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Owó tí wọ́n bá kọ fún yín, báńkì ni kí ẹ ti san án, kí ẹ tọ́jú rìsíìtì. Bí wọ́n bá dá ìwé padà pẹ̀lú ìbéèrè, wọn kò tíì sọ pé rárá. Ẹ dáhùn ìbéèrè náà, ẹ dá a padà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ jálẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lórí ìwé, nítorí ìdí yẹn lẹ ó mú lọ bí ẹ bá fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nígbà tó bá jáde, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ọdún méjì ni òfin 1992 fún ẹni tó gba àṣẹ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di kí ẹ lọ sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, nínú ọ̀rá, kí ẹni tó bá wá yẹ ìpìlẹ̀ wò lè rí i.

Ìwé yìí kò sì fún yín láṣẹ láti máa pa ẹran níbẹ̀ fún títà. Tí ó bá ń wù yín, ohun mìíràn ni, àṣẹ mìíràn ló ń fẹ́.

Ní ti kápẹ́ńtà yín, mo mọ̀ pé òun ló ń lé yín léré jù. Ẹ ní kó gbé pákó náà kúrò nílẹ̀, kó tò ó sórí búlọ́ọ̀kù, kó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ya ìpele kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá, kó sì fi páànù bò ó lórí. Ikán Bọ́lọ́rundúró kò mọ̀ pé ẹ ń dúró de ìwé. Sọfíyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè lọ́sẹ̀ yìí. Kápẹ́ńtà lè lọ bá ẹlòmíràn kan òrùlé ná.